Kú Oríire Tí Wọ́n Ń Kí Wa

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an, torí pé àwọn ará ẹ́sítéètì Jakande wa ti sọ ọ́ lóríṣiríṣi, kò sì sí èyí tó jọ òótọ́ níbẹ̀. Èmi ni Àṣàbí, ìyàwó Akíndàmọ́lá, télọ̀ tó ń rán sùtánà. Ọdún mọ́kàndínlógójì rèé tí mo ti wà lọ́ọ̀dẹ̀ ọkùnrin náà. Ẹnu mi mú, mo mọ̀, ẹnikẹ́ni ò ní láti rán mi létí. Ṣùgbọ́n ẹnu mímú yẹn ló jẹ́ kí ọkọ mi ṣì wà láàyè lónìí. Ẹni tó bá fẹ́ bínú, kó bínú.

Àìsàn Pákínsìn ló ń ṣe ọkọ mi, bàbá Máyọ̀wá. Ó ti pé ọdún márùn-ún. Ọwọ́ ọ̀tún wọn ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. A rò pé iṣẹ́ ló fà á, torí ẹni tó ti ń rán aṣọ fún àwọn ìjọ aláṣọ funfun láti Ìlàsàn títí dé Ajah fún ogójì ọdún, ọwọ́ rẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti rẹ̀ ẹ́. Nígbà tó yá, ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ nílẹ̀. Ohùn wọn lọ sílẹ̀ tó jẹ́ pé ẹni tó bá jókòó tì wọ́n nìkan ló lè gbọ́ ọ. Ojú wọn wá dúró síbì kan, kì í rẹ́rìn-ín, kì í fajú ro. Ilé ìwòsàn fún wọn ní oògùn gbígbọ̀n náà, wọ́n ń lò ó, ó sì ń ṣiṣẹ́ dé ìwọ̀n àyè kan. Aṣọ kan tó ń gbà wọ́n lọ́jọ́ méjì tẹ́lẹ̀ wá ń gbà wọ́n lọ́sẹ̀ méjì, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń rán an.

Lẹ́yìn Àjíǹde ọdún tó kọjá ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pín ẹrù wọn.

Ẹ̀rọ ìránṣọ ni wọ́n kọ́kọ́ gbé fún Mikail, télọ̀ ẹlẹgbẹ́ wọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ géètì. Wọ́n fún Máyọ̀wá ọmọ wa ní aago ọwọ́. Wọ́n fún Aláàgbà Clement nínú ìjọ wa ní agbádá méjì àti bàtà. Sùtánà tí wọ́n ní, wọ́n kó o fún ìjọ, wọ́n fi ọ̀kan ṣoṣo sílẹ̀. Wọ́n fọ ọ̀kan yẹn, wọ́n lọ̀ ọ́, wọ́n fi náílọ́ọ̀nù bò ó, wọ́n gbé e kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá. Wọ́n ní, “Àṣàbí, èyí ni kí ẹ fi sin mí.” Bí ẹni tó ń sọ fún mi pé kí n ra bọ́tà ni wọ́n ṣe sọ ọ́.

Kí ni àwọn ènìyàn ṣe? Wọ́n ń kí wa kú oríire.

Mi ò purọ́. Nínú ìjọ wa, àgbà tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ pín ẹrù rẹ̀ láìsí ìjà, tó ti mọ aṣọ tí wọn yóò fi gbé òun sin, ẹni iyì ni. Aláàgbà Clement gba máìkì lọ́jọ́ ìsinmi, ó ní kí gbogbo ìjọ wo Bàbá Télọ̀, ẹni tó palẹ̀ ilé rẹ̀ mọ́ nígbà tí ojú ṣì ń ríran. Ìjọ ké Halelúyà. Àwọn obìnrin dì mọ́ mi. Wọ́n ní ojú bàbá ti yàtọ̀, pé ojú ẹni tó ti ń rí ọ̀run nìyẹn, pé ìrẹ̀lẹ̀ wọn ti pọ̀ jù, wọn kì í tilẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́.

Ìrẹ̀lẹ̀ kọ́. Ẹni tí kò gbọ́ ẹnu ẹga ló ń sọ pé ẹga ń pàtótó. Èmi tí mò ń gbé pẹ̀lú ọkùnrin yìí, mo mọ ohun tí mò ń rí. Mo rí ẹni tí kì í bèèrè ohun tó wà nínú ìkòkò mọ́. Mo rí ẹni tí ọmọ ọmọ rẹ̀ pè lórí fóònù, tó na fóònù sí mi láìsọ nǹkan kan. Aago mẹ́ta òru wọ́n ti lajú, ilẹ̀ á mọ́ bá wọn bẹ́ẹ̀. Rédíò wọn kú, wọn ò ra bátìrì. Mo bú wọn lọ́jọ́ kan, mo bú wọn gidi, kí wọ́n lè dá mi lóhùn. Wọ́n ní, “Òótọ́ lo sọ.” Ọkùnrin tó ti ń bá mi jiyàn láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n ló ń sọ pé òótọ́ ni mo sọ. Ẹ̀rù bà mí débi pé mo jókòó sílẹ̀.

Mo pe Máyọ̀wá. Ìbèjú-Lẹ́kí ló wà, níbi tí wọ́n ti ń já ẹrù ọkọ̀ òkun, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló ń wálé. Mo ní bàbá rẹ̀ fẹ́ kú.

Ó ní, “Mummy, gbogbo wa la máa kú. Àgbà ni Daddy, wọ́n ń múra sílẹ̀ ni. Ẹ má dà wọ́n láàmú.”

“Ta ló ń múra? Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni bàbá ẹ. Àwọn tó ń múra máa ń jẹun kí wọ́n tó lọ.”

Ó ní kí n fara balẹ̀. Mo gé fóònù mọ́ ọn létí.

Ọjọ́ Tuesday ni wọ́n máa ń rí àwọn aláìsàn Pákínsìn ní ilé ìwòsàn tí à ń lọ ní Oníru. Dókítà tó ń wò wọ́n, obìnrin ni, Olúwafúnminíyì ló ń jẹ́, kò lè ju ẹni ọdún márùndínlógójì lọ. Mo yọ́ ọ̀rọ̀ sọ fún un lẹ́nu ọ̀nà pé ọkọ mi kò fẹ́ ayé mọ́. Ó fetí sílẹ̀ dáadáa, ó mú ìwé kan jáde tí ìbéèrè mẹ́ẹ̀ẹ́dógún wà nínú rẹ̀, ó ní àwọn àgbàlagbà ni wọ́n ṣe é fún, pé ó máa ń fi ìsoríkọ́ hàn.

Ó ní, “Daddy, ṣé inú yín máa ń dùn?”

“A dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa.”

“Ṣé ayé ṣì wù yín í gbé?”

“Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.”

“Ṣé ẹ̀rù máa ń bà yín pé nǹkan burúkú fẹ́ ṣẹlẹ̀?”

“Àlàáfíà ni mo wà, ọmọ mi.”

Gbogbo mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n fi ọpẹ́ dáhùn. Dókítà kà á, ó wò mí, ó ní ìwé náà kò rí nǹkan kan. Mo fẹ́ fa ìwé náà ya. Ṣùgbọ́n ta ni mo fẹ́ bá wí? Ẹnu ẹni la fi ń kọ mé jẹ. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ wa pé a kì í fẹnu ara wa pe aburú. Ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó, tí o bá kí i, á ní a dúpẹ́. Ẹni tó wá tún jẹ́ àgbà ìjọ, tí ọmọ tó lè bí ń bi í léèrè níwájú ìyàwó rẹ̀, kí ni yóò sọ? Ìwé yẹn kò mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀.

Nínú ọkọ̀ tí a fi ń padà bọ̀, mò ń wá ọgbọ́n tí màá ta. Mò ń rò ó. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi rò ó, mo ń gúnyán, mo ń rò ó, mo ń kọrin nínú ìjọ, mo ń rò ó. Bí wọn ò bá ní sọ ọ́, ẹlòmíràn ní láti sọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní ọkọ mi ló rí báyìí báyìí, wọ́n á ní irọ́ ni mò ń pa mọ́ wọn, wọ́n á tún ní àlàáfíà ni wọ́n wà. Mo mọ ọkọ mi. Ó lè fara da ohunkóhun tí wọ́n bá ṣe sí òun fúnra rẹ̀.

Ní Tuesday kejì, mo ní kí wọ́n sin mí lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n ní ọjọ́ àwọn kò tíì pé. Mo ní tèmi ni. Wọ́n wọ bàtà láìbéèrè ohun tó ń ṣe mí, ìyẹn náà tún dùn mí.

A wọlé, a jókòó. Mo ní, “Dókítà, èmi ni mo wá lónìí. Mú ìwé ọjọ́sí jáde, kí o bi mí.”

“Mummy, ẹ̀yin?”

“Èmi ni. Àbí èmi kì í ṣe àgbàlagbà?”

Ọmọ náà gbọ́n. Ó wò mí, ó wo bàbá Máyọ̀wá, ó mú bírò, ó kọ orúkọ mi sókè ìwé.

Ó bi mí bóyá ìgbé ayé mi tẹ́ mi lọ́rùn. Mo ní rárá. Ó bi mí bóyá mo ti pa ohun tí mo fẹ́ràn tì. Mo ní mo ti pa iṣẹ́ mi tì, mo ti gbé ẹ̀rọ mi fún ẹlòmíràn. Ó bi mí bóyá mò ń rí oorun sùn. Mo ní aago mẹ́ta ni mò ń jí, mo máa ń dojú kọ ògiri kí ẹnì kejì mi má baà mọ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo gbọ́ tí àga dún. Mi ò yíjú síbẹ̀.

Ó ní, “Mummy, ṣé ẹ rò pé ó dáa pé ẹ wà láàyè?”

Mo ní, “Kò dáa. Ẹrù ni mo jẹ́ fún wọn nílé. Mo ti pín ohun ìní mi tán. Mo ti lọ aṣọ òkú mi. Aláalẹ́ ni mò ń bẹ Ọlọ́run pé kí èmi Àṣàbí má...”

“Àṣàbí, pa ẹnu ẹ mọ́.”

Ohùn yẹn kò lọ sílẹ̀. Mi ò tíì gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ láti ọdún kan. Mo yíjú sí wọn, omi ń dà lójú tí kì í rẹ́rìn-ín tí kì í fajú ro yẹn.

Wọ́n ní, “Má fi ẹnu ara ẹ pe ikú. Dókítà, òun kọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fà á rẹ́. Ẹ pa orúkọ ẹ̀ rẹ́ lórí ìwé yẹn. Èmi ni. Gbogbo ohun tó sọ, èmi ni.”

Dókítà fa orúkọ mi rẹ́. Ó kọ Akíndàmọ́lá. Ó rọra tì í síwájú wọn kí wọ́n lè rí i pé ó ti pa tèmi rẹ́. Lẹ́yìn náà ó tún ìbéèrè náà bẹ̀rẹ̀ láti òkè, wọ́n sì dá a lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo sunkún bí ọmọdé nínú yàrá yẹn, ojú ò tì mí.

Ohun tí Dókítà wá sọ fún wa, ó yẹ kí gbogbo ayé gbọ́ ọ. Ó ní kì í ṣe pé ìgbàgbọ́ bàbá ló kéré, kì í sì í ṣe pé ọ̀lẹ ni wọ́n. Ó ní Pákínsìn tó ń gbọ̀n ọwọ́, inú ọpọlọ ló ti ń wá, ibẹ̀ náà ni inú dídùn ti ń wá. Ohun tó bá ojú ti bá imú. Ó ní ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tó ní àìsàn yìí ni ìsoríkọ́ máa ń mú, pé àwọn kan ti sorí kọ́ kí ọwọ́ wọn tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n rárá. Ó ní ó ní ìtọ́jú. Bó ṣe sọ “ó ní ìtọ́jú” yẹn, ó dà bí ìgbà tí ẹnì kan ṣí fèrèsé fún mi.

Ó yẹ oògùn Pákínsìn wọn wò kó má baà bá tuntun jà, ó wá fi oògùn ìsoríkọ́ kún un. Èyí tó kéré ló fi bẹ̀rẹ̀, ó ní díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń fún àgbà. Ó ní kò ní ṣiṣẹ́ lọ́la o, ó lè gba ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ó lè gbà tó mẹ́fà, kí a má sì dá a dúró fúnra wa. Ó ní ẹnì kan tún wà ní yàrá kejì tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kó máa bá aláìsàn sọ̀rọ̀, wọ́n á máa rí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Mo ní, “Ọ̀rọ̀ sísọ? Èmi ti ń bá wọn sọ̀rọ̀ láti ọdún mọ́kàndínlógójì.”

Dókítà ní, “Mummy, tiyín kì í ṣe ìtọ́jú.”

Mo fẹ́ bínú, ṣùgbọ́n mo rí i pé ẹ̀gbẹ́ ẹnu bàbá Máyọ̀wá yí díẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ rẹ́rìn-ín. Mo gbà fún un.

Ẹ má rò pé ó rọrùn. Ẹni tó ń báni sọ̀rọ̀ yẹn ní kí wọ́n máa ṣe ohun kan lójúmọ́, bó ti wù kó kéré, yálà ó wù wọ́n tàbí kò wù wọ́n. Ó ní kí wọ́n má dúró de inú dídùn kí wọ́n tó ṣe é, pé tí wọ́n bá ṣe é, inú á máa bọ̀ lẹ́yìn. Wọ́n yan ìrìn láti ilé wa dé géètì ẹ́sítéètì. Láràárọ̀, kí àwọn kẹ̀kẹ́ tó pọ̀ lójú ọ̀nà, mo máa ń dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn pẹ̀lú bàtà wọn lọ́wọ́. Àwọn ará ilé ń yọjú láti òkè, wọ́n ń sọ pé mò ń fìyà jẹ bàbá. Mo ní kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ wá rìn tiwọn.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, wọ́n kọ̀ láti dìde. Wọ́n ní, “Àṣàbí, kò ṣiṣẹ́. Fi mí sílẹ̀.”

Mo jókòó sórí ibùsùn. Mo ní, “Mi ò fi yín sílẹ̀. Bó bá jẹ́ ọdún mẹ́ta ló máa gbà, ẹnu ọ̀nà yìí ni ẹ máa bá mi. Ẹ ti pín ohun gbogbo tó jẹ́ tiyín, kò burú. Èmi kì í ṣe ẹrù, ẹ ò lè pín mi fún ẹnikẹ́ni. Mi ò tíì ṣe tán pẹ̀lú yín. Mo fẹ́ràn yín, olórí kunkun sì ni yín, ẹ gba bàtà.” Ọ̀rọ̀ mo fẹ́ràn yín yẹn, mi ò rántí ìgbà tí mo sọ ọ́ kẹ́yìn. Ó pẹ́ kí wọ́n tó na ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ọjọ́ yẹn, ìdajì ọ̀nà la rìn.

Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, mo gbé ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ẹja síwájú wọn. Wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n gbójú sókè, wọ́n ní, “Ta ló kọ́ ẹ láti máa se ọbẹ̀ láìfi iyọ̀ sí i?” Iyọ̀ wà níbẹ̀ dáadáa. Mo sáré wọ ilé ìdáná, mo fi aṣọ di ẹnu.

Máyọ̀wá wálé lóṣù yẹn. Mo gbé ìwé Dókítà fún un, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Kò sọ pé òun jẹ̀bi, ọmọ mi kì í sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kejì òun ló mú bàtà bàbá rẹ̀ lọ́wọ́.

Ó wá di ọjọ́ Ìdúpẹ́ Àwọn Àgbà nínú ìjọ. Nínú oṣù kẹta tí wọ́n ti ń lo oògùn náà ni. Ìjọ kún. Aláàgbà Clement tún gba máìkì, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ó ní kí àwọn àgbà tó kù fi ara jọ Bàbá Télọ̀, ẹni tó ti pín ẹrù rẹ̀ pẹ̀lú ayọ̀ tó ń dúró de ìpè Olúwa. Ìjọ ké Halelúyà. Ẹ̀jẹ̀ mi gbóná, mo fẹ́ dìde. Ọwọ́ gbígbọ̀n kan bà lé mi lórúnkún, ó tẹ̀ mí padà sórí ìjókòó. Bàbá Máyọ̀wá ni wọ́n dìde.

Wọ́n ń wọ́ ẹsẹ̀ lọ síwájú, wọn ò yára, gbogbo ìjọ dúró dè wọ́n. Clement rò pé ẹ̀rí ni, ó fi ẹ̀rín gbé máìkì fún wọn. Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú.

Wọ́n ní, “Ẹ má kí mi kú oríire mọ́. Kì í ṣe ilé ni mo ń palẹ̀ rẹ̀ mọ́. Ikú ló wù mí. Ikú wù mí, ẹ sì ń pàtẹ́wọ́ fún mi.”

Ìyá kan níwájú ní, “A kọ̀ ọ́ lórúkọ Jésù.”

Wọ́n ní, “Ẹ má kọ̀ ọ́, ìyá. Ẹ jẹ́ kí n tọ́jú ẹ̀. Ìsoríkọ́ ni wọ́n ń pè é, àìsàn ọwọ́ mi yìí náà ló bí i. Oògùn rẹ̀ wà. Mò ń lò ó. Kò tíì tán o, àwọn ọjọ́ kan ṣì burú. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ jí lọ́la.”

Wọ́n dá máìkì padà. Kò sí Halelúyà kankan, torí kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá ẹ̀rí ni tàbí kì í ṣe ẹ̀rí. Mo kàn ń wo bí wọ́n ṣe ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi.

Nígbà tí ìsìn parí, mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi, mò ń dúró de Máyọ̀wá kó pe mọ́tò. Clement yọ sí mi. Gbogbo èébú tí mo ti ń kó jọ fún ọkùnrin yìí fún odindi ọdún kan ti wà létè mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wo ojú rẹ̀, kò sí agbára kankan níbẹ̀.

Ó ní, “Ìyá Máyọ̀wá. Ọ̀rọ̀ ìyàwó mi ni. Ọwọ́ tirẹ̀ náà ń gbọ̀n, a ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ní Kérésì tó kọjá, ó kó gbogbo aṣọ òkè rẹ̀ fún àwọn àbúrò rẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo pe àwọn ènìyàn kí wọ́n wá wò ó. Mo ní kí wọ́n wá wo obìnrin rere.”

“Ṣé ó ń jẹun?”

“Díẹ̀díẹ̀.”

“Ṣé ó máa ń bínú sí ẹ?”

Ó ní, “Rárá. Kì í bínú sí mi mọ́.”

Mo gbé gbogbo èébú yẹn mì. Mo ní, “Gbọ́ mi dáadáa, Clement. Ọjọ́ Tuesday, aago mẹ́fà àbọ̀ àárọ̀, màá dé ẹnu ọ̀nà yín, èmi àti ọkọ mi, ká mú un lọ sọ́dọ̀ Dókítà. Bó bá ní òun ò lọ, má bá a jiyàn. Bó bá ní àlàáfíà lòun wà, má gbà á gbọ́. Ìwọ ṣáà ṣílẹ̀kùn fún wa.”